Àwùjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ tiwa ní ilẹ̀ Okun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Okun o, gbogbo ilé. Láti ìgbà tí a ti ṣí ojúlé tiwa lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará Kábà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí ni àwọn ìbéèrè kan ti ń wọlé wá lemọ́lemọ́, lẹ́nu àwọn tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa àti lẹ́nu àwọn tó fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú tiwọn. A kó wọn jọ síbí, a sì dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ náà ti kọ́ wa. Ẹ óò rí i pé ìdáhùn kan gùn ju òmíràn lọ. Níbi tí a ti kọsẹ̀ ni a ti dúró pẹ́.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín “àwùjọ tiwa” àti gúrúùpù tí gbogbo ìlú ti ní lórí Facebook tàbí WhatsApp?

Ìyàtọ̀ náà wà lọ́dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè jẹ́ alábòójútó gúrúùpù Facebook fún ọdún mẹ́wàá kí ẹ má ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kì í fún alábòójútó ní àdírẹ́sì ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù àwọn tó wà nínú gúrúùpù rẹ̀. Ní ti WhatsApp, nọ́ńbà wà lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń ṣàn lọ bí odò: ohun tí bàbá kan ṣàlàyé nípa ìtàn ìdílé rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yóò ti rì sábẹ́ àwòrán àti fídíò kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá sì wọlé lẹ́yìn náà kì í sábà rí i mọ́. Lọ́dún 2022 ni wọ́n fẹ gúrúùpù kan lójú dé ènìyàn 1,024; ìlú tó bá ní ju iye yẹn lọ yóò pín ara rẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta, apá kan kò sì ní mọ ohun tí apá kejì ń sọ.

Àwùjọ tiwa ni èyí tí orúkọ ìkànnì rẹ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́, tí ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti sọ níbẹ̀ sì wà níbi tí a ti lè kó o jáde bí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Facebook ti wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ló dé tí a fi ń wá iṣẹ́ kún iṣẹ́?

Àwọn tó ti pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú wa yóò rántí Yahoo Groups. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn odi ti ń bá ara wọn jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú. Lọ́dún 2019 ni àwọn tó ni ín kéde pé àwọn yóò pa ohun tí wọ́n ti kó pamọ́ síbẹ̀ rẹ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn pátápátá. Google+, ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ Google fi ń bá Facebook díje, ti kógbá sílé ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2019. Èyí tí kò kógbá sílé náà kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, Facebook kéde pé òun yóò máa fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí ṣáájú ọ̀rọ̀ tó ń ti ojú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ àti ilé ìròyìn wá, ojú ìwé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń rí tẹ́lẹ̀ sì di èyí tí ìwọ̀nba ń rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, láti oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tó bi ará Kábà tàbí ará Mọ̀pà léèrè kí wọ́n tó ṣe é.

Tiwa kì í ṣe ohun tí a gbọ́ lásán. A ti ní gúrúùpù kan rí lórí ìkànnì ńlá kan, ẹnì kan ṣoṣo ló sì jẹ́ alábòójútó rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, àwọn gbájú-ẹ̀ gba àkáǹtì rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n yí orúkọ gúrúùpù náà padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi polówó ìsọ-owó-di-méjì. A kọ̀wé títí, ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn. Ohun tó dùn wá jù lọ kì í ṣe iye ènìyàn tó lọ. Àwọn ìyá wa ní Bùnú ti gbé aṣọ ìpo jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ òkú àgbà. Wọ́n jẹ́ kí a yà á ní fọ́tò, wọ́n sì sọ ẹni tó hun ọ̀kọ̀ọ̀kan àti òkú ẹni tí wọ́n ti fi ṣe ẹ̀yẹ fún. Inú gúrúùpù yẹn nìkan ni fọ́tò àti àlàyé náà wà. Méjì nínú àwọn ìyá náà ti di ẹni ilẹ̀.

Ǹjẹ́ kí a wá fi àwọn ìkànnì ńlá náà sílẹ̀ pátápátá?

Rárá o. Ẹni tó ní iṣu láti tà kì í jókòó sílé kó máa retí oníbàárà, ọjà ni yóò gbé e lọ; ṣùgbọ́n kò ní kó àká rẹ̀ lọ sójú ọjà. Ẹ jẹ́ kí Facebook àti WhatsApp jẹ́ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ tó wúlò bá wáyé lórí ojúlé yín, ẹ kọ ìlà méjì nípa rẹ̀ sínú gúrúùpù WhatsApp, kí ẹ sì fi líǹkì sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ òpin ọ̀rọ̀ wá kà á nílé.

Ohun tí a kì í gbà ènìyàn nímọ̀ràn láti ṣe ni kí ó kéde pé “gúrúùpù yìí yóò pa dé lọ́jọ́ Ẹtì, kí gbogbo ènìyàn kó lọ síbi tuntun.” Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Reddit, ìkànnì ńlá kan tó kún fún àwùjọ ìjíròrò, gbé owó lé ọ̀nà tí àwọn áàpù ẹlòmíràn ń gbà wọ inú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwùjọ ti ilẹ̀kùn wọn fún ọjọ́ mélòó kan láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn kan sì kó lọ sí Lemmy, ẹ̀rọ ìjíròrò bíi Reddit tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àwọn kan dúró síbẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Ìbínú lè gbé ènìyàn jáde nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Àǹfààní ni yóò mú un dúró níbi tuntun. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa rìn fún bí ọdún kan, kí ẹ má sì ṣe kó nọ́ńbà ènìyàn láti inú gúrúùpù kan wọ ibòmíràn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Ta ni kí a kọ́kọ́ pè?

Ẹ má ṣe pe gbogbo ìlú lọ́jọ́ kìíní. Àlejò tó bá wọ ilé tí kò rí ẹnì kankan nínú rẹ̀ kì í padà wá, bí ilé náà ti wù kó lẹ́wà tó. Lọ́dún 2006, Jakob Nielsen, ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ, kọ ọ́ pé nínú ọ̀pọ̀ àwùjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ, nǹkan bí 90 ni yóò máa kà láìsọ nǹkan kan, nǹkan bí 9 ni yóò máa dá sí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan péré ni yóò sì máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Ó yẹ kí èyí fi yín lọ́kàn balẹ̀, nítorí kò túmọ̀ sí pé àwọn tó dákẹ́ kórìíra yín. Ó tún yẹ kó kìlọ̀ fún yín pé bí ẹ bá fẹ́ kó ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn jọ, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ àwọn mẹ́ta tí yóò jẹ́ òpó ilé kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn.

Àwa kò kọ ìwé ìkéde kankan níbẹ̀rẹ̀. Fóònù la fi pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì lọ sílé àwọn kan. Lára wọn ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìṣánlú, nọ́ọ̀sì kan, awakọ̀ kan tó ń ná Kábà sí Ìlọrin, ìyá kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan, àti ọmọkùnrin kan tó fẹ́ràn àtimáa ya fọ́tò ju kó máa sọ̀rọ̀ lọ. A sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ohun tí a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ gan-an: a kò ní kí nọ́ọ̀sì “wá dá sí ọ̀rọ̀,” ohun tí a ní kó ṣe ni pé kó dáhùn ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ nípa ìtọ́jú aláboyún àti ọmọ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwa díẹ̀ yìí fi kọ̀wé síra wa láìsí ẹni tó mọ̀, kí àwọn tó kù tó wọlé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá iná lójú ààrò.

Kí ni yóò mú kí ẹni tó wá lónìí padà wá lọ́la?

Ohun tí kò lè rí níbòmíràn. Ìròyìn Àbújá àti ti bọ́ọ̀lù kún ibi gbogbo, a kò sì ní ohun tí a ó fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ ronú lórí ipò wa. Abẹ́ Àríwá ni ìjọba òyìnbó fi wá sí, Kwara ni a wà láti ọdún 1967, a sì di ara Kogí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Àwọn ilé ìròyìn Ìbàdàn àti Èkó máa ń kà wá mọ́ ará Òkè Ọya, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìhín odò Ọya níbí ni ilé wa wà. Àwọn ti Àríwá náà sì ń kà wá mọ́ Yorùbá, wọ́n ń kọjá lọ. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìyàrá lè má dé etí ará Ẹ̀gbẹ̀ títí ọdún yóò fi yí. Àyè tó ṣófo nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa kún un.

Ẹ mú kajú fún àpẹẹrẹ. Ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ tó wà lábúlé iye tí àwọn olùrà ń dá lé kílò kan ní Kábà láàárọ̀ yìí, kí ó tó di àpò rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà? Láti nǹkan bí oṣù Kejì tí kajú bá ti ń jábọ́, iye náà lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olùrà tó bá sì mọ̀ pé àgbẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan yóò sọ iye tó wù ú. Ní àkókò kajú, ojú ìwé iye owó ni àwọn ènìyàn wa ń ṣí jù lọ, àwọn tí kì í sì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń kọ̀wé síbẹ̀ jù. Òfin kan péré ló wà lórí rẹ̀: ẹni tó bá kọ iye gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́, kí ó kọ ibi tó ti rí i, kí ó sì sọ bóyá òun ló tà á tàbí ó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ti Kábà gba Ìṣánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin nígbà òjò fẹ́ mọ ibi tí tírélà ti rì kí ó tó gbéra. Lẹ́yìn èyí ni ètò ìsìnkú, ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́, àti ìtàn ìdílé, tí kì í yá àwọn ènìyàn lára bí iye kajú, ṣùgbọ́n tí a ń kà ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́. Bí a ṣe ń kó wọn pa mọ́ sí ojú ìwé tiwọn nìyẹn, tí a sì ń sọ wọ́n lórúkọ tí ènìyàn lè fi wá wọn rí.

Èdè wo ni a ó máa kọ?

Èyí tó wà lẹ́nu yín. Ará Kábà ń kọ Owé, ará Yàgbà ń kọ Ìyàgbà, ará Ọ̀wọ̀rọ̀ ń kọ tirẹ̀. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì yá lára kí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tí a ń kọ nínú ìwé la fi ń kọ àkọlé, kí gbogbo wa lè rí ọ̀rọ̀ náà. A kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àkọtọ́ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí lẹ́ẹ̀kan kì í kọ̀wé mọ́. Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ bójú tó ni pé àwọn ẹ̀rọ kan ka ọ̀rọ̀ tó ní àmì ohùn àti èyí tí kò ní in sí ọ̀rọ̀ méjì; kí ẹ dán an wò, kí ẹni tó bá tẹ “Isanlu” lè rí “Ìṣánlú.”

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló ní dátà. Ṣé kì í ṣe àwọn ni yóò gba ibẹ̀ mọ́ àwọn ará ilé lọ́wọ́?

Ìbẹ̀rù yìí tọ́, a sì ti rí i. Nígbà tí a bá ń sùn níbí, ọjọ́ kò tíì ṣú ní Amẹ́ríkà. Nígbà kan tí ọ̀rọ̀ títún ilé ìwé kan ṣe délẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn odi jíròrò rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ tiwọn wọ òru, wọ́n dá owó lé e, wọ́n sì yan ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìyá tó ń gbé ẹ̀yìn ilé ìwé náà fi máa jí, ọ̀rọ̀ ti parí. Owó wọn dára, ìfẹ́ wọn sì hàn kedere. Síbẹ̀, ẹni tí omi ń wọ ilé rẹ̀ ló mọ ibi tó yẹ kí a gbẹ́ gọ́tà sí.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó bá kan ohun tí a ó ṣe ní ìlú kan kò lè parí kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àwọn tó ń gbé ìlú náà la sì kọ́kọ́ ń gbọ́ tẹnu wọn. A tún ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí kò ní fóònù ńlá: wọ́n á ka ohun tí a kọ sí wọn létí, wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá tàbí ìyá tó sọ ọ́, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò, àwa náà sì mọ̀ pé kò tíì kárí gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tí a ṣe tó mú kí ojúlé yìí jẹ́ ti ilẹ̀ Okun ní tòótọ́ bí èyí.

Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe pẹ̀lú ìjà, àhesọ àti ìbanilórúkọjẹ́?

Ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya kan bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Front Porch Forum láàárín àwọn aládùúgbò wọn lọ́dún 2000, wọ́n sì sọ ọ́ di ti gbogbo ìlú tó yí wọn ká láti ọdún 2006. Orúkọ gidi ni ènìyàn ń lò níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń ka ọ̀rọ̀ kí ó tó jáde, ọ̀rọ̀ náà sì ń dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò nínú ímeèlì, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ ọ́. Ìfalẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ẹni tó bínú kọ̀wé lálẹ́, tó sì mọ̀ pé òwúrọ̀ ni yóò jáde, sábà máa ń padà wá tún un kọ.

Àwa náà ń lo orúkọ gidi. Alábòójútó mẹ́rin la ní, wọn kì í ṣe ọmọ agbo ilé kan náà tàbí ìlú kan náà, obìnrin sì wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìkìlọ̀ ewu ni a ń fọwọ́ gidi mú jù. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé pé wọ́n ti jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà, a kì í gbé e jáde àyàfi tí alábòójútó bá ti bá ẹni tó wà nítòsí ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A kì í sì í kọ orúkọ ẹni tí wọ́n gbé, owó tí wọ́n ń béèrè, tàbí ibi tí àwọn ọdẹ àti ọlọ́pàá wà, nítorí àwọn tó jí i gbé náà ní fóònù. Nítorí ìdí kan náà, a kì í jẹ́ kí ènìyàn kéde ọjọ́ tí òun yóò rìnrìn àjò wálé ọdún. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè tó bá ti dé ilé-ẹjọ́, a ń fi í sílẹ̀ fún ilé-ẹjọ́. Fọ́tò ọmọdé kò gbọ́dọ̀ jáde láìsí àṣẹ òbí. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 kan ẹgbẹ́ kékeré náà: ẹ má gba ju ohun tí ẹ nílò lọ lọ́wọ́ ènìyàn, kí ẹ sì pa á rẹ́ nígbà tó bá ní kí ẹ pa á rẹ́.

Bí a bá máa yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan kúrò, a ó kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Ọgbọ́n tí a fi ojú rírí kọ́ ni. Níbẹ̀rẹ̀, a yọ ọ̀rọ̀ bàbá kan kúrò láìsọ fún un, ó sì kó gbogbo ìdílé rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà kò dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà ni, a sì dójú tì í lójú àwọn ọmọ rẹ̀. A lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó padà, ó sì wà lára àwọn tó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ lónìí.

Ẹ̀rọ wo ni a nílò?

Kò le tó bí ẹ ti rò. Discourse, tó jáde lọ́dún 2013, àti phpBB, tó ti wà láti ọdún 2000, jẹ́ ẹ̀rọ ìjíròrò ọ̀fẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè gbé wọn sórí sáfà tó yá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ojúlé ń gbé inú rẹ̀. Fún Discourse, sáfà kékeré tó ní mẹ́mórì 1 GB lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń rì ni ọ̀rọ̀ ímeèlì: púpọ̀ nínú àwọn tó ń yáni ní sáfà ti dí ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde nítorí àwọn gbájú-ẹ̀, nítorí náà ẹ óò nílò ilé-iṣẹ́ mìíràn tí yóò máa bá yín fi í ránṣẹ́. Kí ẹ fi dòméènì, ìyẹn orúkọ ìkànnì yín, sílẹ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ yín. Mo ti rí ìlú tí dòméènì rẹ̀ wà lórúkọ ọmọ tó bá wọn ṣe é. Ọmọ náà rí iṣẹ́ sí Èkó, ó gbàgbé láti san owó ọdún, orúkọ ìlú sì bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró, iná kò sí, dátà sì wọ́n. Báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ojú ìwé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán máa ń ṣí pẹ̀lú dátà díẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí fídíò kò ti ní í rìn rárá. Fọ́tò ni kí ẹ̀rọ máa dín kù fúnra rẹ̀. Ímeèlì kan lójúmọ́, tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà jọ, wúlò fún ẹni tó ń rí iná fún wákàtí méjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí báǹkì pàápàá kò rí iṣẹ́ ṣe, ojúlé tí sáfà rẹ̀ wà ní Yúróòpù kò lè rọrùn dé. Ìdí nìyẹn tí ìwé orúkọ tó ní nọ́ńbà fóònù fi ṣe pàtàkì: ìpè àti tẹ́ẹ̀sì ṣì lè lọ. A tún ń tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ sórí bébà kan, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà, a sì ń fún àwọn tó ń ṣe ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Owó ńkọ́?

Owó dòméènì lọ́dún, owó sáfà lóṣù, owó fífi ímeèlì ránṣẹ́. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti ìgbà tí wọ́n sì ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni owó náà ti ga sókè fún wa. A ń san ti ọdún kan lápapọ̀ nígbà tí owó bá wà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dá a, ẹni tó wà lókè òkun ń dá jù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Akápò ń gbé rìsíìtì jáde lóṣooṣù síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. A kọ owó olóṣèlú kan rí, ó ń dun àwọn kan nínú wa títí dòní. Mo rò pé a ṣe é bó ti yẹ.

Ipò wo ni àwọn ọba àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wà nínú rẹ̀?

Kí ẹ lọ sọ fún wọn kí ẹ tó ṣí i. Àwọn ni baba wa, ọ̀rọ̀ tó bá sì jáde láti ààfin yẹ kó ní ibi tí ènìyàn ti lè kà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n páásíwọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ wà ní ààfin kankan, nítorí ìlú púpọ̀ ló jọ ni ojúlé yìí, kò sì yẹ kí ẹnì kan rò pé ti ìlú kejì ni.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ń dàgbà?

Ẹ má ṣe wo iye orúkọ nìkan. Ohun tí a ń kọ sílẹ̀ lóṣù ni iye ìbéèrè tó rí ìdáhùn kí ọjọ́ méjì tó pé, iye àwọn tó dá ẹlòmíràn lóhùn nígbà àkọ́kọ́, àti iye ìlú tí ọ̀rọ̀ ti wá. Lóṣù kan, orúkọ tuntun pọ̀ gan-an nítorí pé ẹnì kan pín wa lórí Facebook, síbẹ̀ ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣù burúkú la kà á sí. A dá ìkésíni dúró, a sì wá ènìyàn mẹ́ta sí i tó lè máa dáhùn.

Bí ó bá rẹ ẹni tó dá a sílẹ̀, tàbí tó kú ńkọ́?

Ẹni mẹ́ta ló ní páásíwọ́ọ̀dù sáfà àti ti dòméènì, ọ̀kan wà nílé, ọ̀kan wà ní Lọ́kọ́ja, ọ̀kan wà lẹ́yìn odi. A kọ wọ́n sínú ìwé kan tí a fi èdìdì dì, ó sì wà lọ́wọ́ àgbà kan tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò, tó jẹ́ pé ó ní láti pe akọ̀wé àti akápò kí wọ́n tó jọ tú u. Ẹ̀rọ ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ lóru, ẹ̀dà kan ń dúró sí ibi tó yàtọ̀ sí sáfà, òmíràn sì wà nínú dírààfù kan nínú àpótí ìwé ẹgbẹ́. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó kọ́ ojúlé náà ń mú ẹ̀dà yẹn, ó ń gbé e sórí sáfà òfìfo, ó sì ń wò ó bóyá yóò dìde. Nígbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, kò dìde, nítorí pé fọ́tò kò sí nínú ẹ̀dà náà. A tún un ṣe. Nígbà kejì, gbogbo rẹ̀ padà bọ̀ sípò, títí kan fọ́tò aṣọ ìpo tuntun tí àwọn ọmọ àwọn ìyá Bùnú yẹn gbé wá.